Kòkòrò Kan Tó Ń Jẹ́ "Áítísì"

Ojú mi kòrókòró ni òpùrọ́ kan ṣe ta omi aláwọ̀ ewé fún àǹtí mi nínú trotro, ọkọ̀ akérò, lónìí.

Ọsibítù la ti ń bọ̀, níbi tí wọ́n ti fún àǹtí mi ní oògùn hẹpatáítísì. Bí ọkọ̀ ṣe kúrò ní ibùdókọ̀ Tudu ni ọkùnrin kan tó de táì dìde, ó gbé ìgò sókè.

"Hẹpatáítísì, atiráítísì, gasitiráítísì," ó ní, "ẹ ò rí i pé ibì kan náà ni gbogbo wọn parí sí? Áítísì ni orúkọ kòkòrò tó ń fà wọ́n. Oògùn yìí ló ń pa á."

Bàólójì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́. Mo ní, "Ọ̀gá, èdè Gíríìkì nìyẹn. Áítísì kì í ṣe kòkòrò, ó kàn ń sọ pé ibì kan nínú ara wú ni. Hẹpa ni ẹ̀dọ̀, atiro ni oríkèé."

Ó wò mí tìkà-tẹ̀gbin. "Màdáámù, ṣé ará Gíríìkì ló ń ṣàìsàn níbí?"

Gbogbo èrò ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Àǹtí mi náà rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ra ìgò kan. Táì tó ti ṣá lásánlàsàn ló sọ òpùrọ́ di dókítà lójú wọn.

Nígbà tí a délé, mo ní kí àǹtí mi gbé ìgò náà fún mi.

"Mariamọ," wọ́n ní, "dókítà ọsibítù ò ṣàlàyé nǹkan kan fún mi. Ẹni yẹn ṣàlàyé."

Wọ́n gbé ìgò wọ yàrá, wọ́n sì tilẹ̀kùn. Oògùn ọsibítù ṣì wà lórí tábìlì níwájú mi.

Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ̀yin ì bá sọ fún wọn?