Àtàǹpàkò Kan fún Ilé Mẹ́fà

Láti ìgbà tí ọkọ Àtọ́kẹ́ ti kú, inú rẹ̀ ò tíì ru tó báyìí rí. Ní Ìrẹmọ, ta ni ò mọ búrẹ́dì rẹ̀? Ẹ̀yìnkùlé ló mọ ààrò alámọ̀ sí, ìta gbangba ló ń to páànù búrẹ́dì sí kó lè wú. Òun ló wá jí lọ́jọ́ Ajé kan tó rí àwọn bíríkìlà tí wọ́n ń na okùn sí ẹ̀gbẹ́ ògiri rẹ̀. Wọ́n ní Bùsàrí oníṣòwò pákó ló fẹ́ gbé ẹ̀rọ ìlagi síbẹ̀.

Ẹ̀rọ ìlagi kẹ̀. Ta ló máa ra búrẹ́dì tí eruku pákó bà lé? Oúnjẹ Àtọ́kẹ́ ti tán nìyẹn.

Ó bi wọ́n bóyá Bùsàrí gbàṣẹ. Wọ́n ní gbogbo onílé ló ti fọwọ́ sí i, pé ìwé ẹ̀ wà ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń yẹ pílánù wò. Àtọ́kẹ́ ò bá wọn jiyàn, ó wé gèlè, ó wọ takisí.

Mojíre, akọ̀wé ibẹ̀, fi ìwé hàn án. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ fún gbogbo onílé tó yí i ká. Ẹni tí kò bá fẹ́ á wí láàárín ọjọ́ mọ́kànlélógún. Ilé mẹ́fà ló wà níbẹ̀, ti Àtọ́kẹ́ ṣìkẹrin, àtàǹpàkò kan náà ló sì wà níwájú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Orúkọ tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ ni ti Bàbá Babalọlá, ẹ̀gbọ́n ọkọ Àtọ́kẹ́, olórí agbo ilé. Ọjọ́ méjì péré ló kù kí ọjọ́ mọ́kànlélógún náà pé.

Ẹ ò rí i, lọ́dọ̀ tiwa, ìwé kì í gba ẹ̀yìn olórí ilé wọlé. Ẹni tó gbé e wá béèrè àgbà, wọ́n mú un lọ bá Bàbá, Bàbá tẹ̀ka fún gbogbo wọn bó ṣe máa ń dáhùn fún wọn nídìí ìgbéyàwó àti ìsìnkú. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Àtọ́kẹ́ kì í ṣe ti ẹbí. Owó búrẹ́dì ló fi rà á lọ́wọ́ àwọn Fákúnlé, orúkọ rẹ̀ ló wà lára rìsíìtì.

Ó kúnlẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàbá. Ìbínú ò ní kó gbàgbé ìyẹn.

“Ọkọ mi, ṣé ẹ̀yin lẹ tẹ̀ka fún ilé mi?”

“Ta ni ìbá tún tẹ̀ ẹ́? Ilé tó lórí, ìyàwó ni yóò máa dá ìwé gbà?”

“Ṣé ẹ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀?”

Bàbá ní ọmọlúwàbí ni Bùsàrí, pé ó kí òun dáadáa.

“Ó kí yín, ẹ sì fi oúnjẹ ẹnu mi dá a lóhùn.”

Ó ní kí Bàbá bá òun lọ yí i padà. Bàbá ní òun kì í tutọ́ sílẹ̀ kóun tún un lá.

Lọ́jọ́ kejì, Àtọ́kẹ́ dá lọ sí ọ́fíìsì náà tòun ti rìsíìtì. Ọ̀gá tí Mojíre ń ṣiṣẹ́ fún wò ó, ó ní kí Bùsàrí tún un bẹ̀rẹ̀, kó fi ìwé lé onílé kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí Bùsàrí fi dé, ó ń rẹ́rìn-ín, ó gbé tàdáwà ìtẹ̀ka dání. “Ìyá oníbúrẹ́dì, ibí ni kẹ́ ẹ tẹ̀.”

“Ìwé mẹ́fà ni mo kà jáde nílé ìwé. Gbé tàdáwà ẹ kúrò níwájú mi, mú bírò wá.”

Ó kọ “N kò fẹ́” gàdàgbà, ó kọ orúkọ rẹ̀ tán pátá.

Ọ̀nà Oǹdó ni Bùsàrí padà gbé ẹ̀rọ lọ. Láràárọ̀ ni Àtọ́kẹ́ ṣì ń kúnlẹ̀ kí Bàbá, Bàbá á gbójú sókè bí ẹni tó ń wo òjò. Àtọ́kẹ́ ò sì bẹ̀ ẹ́. Bó bá ti kí i tán, á gbọn eruku orúnkún rẹ̀ dànù, á bá tirẹ̀ lọ.