Ìyẹ́ Adìyẹ àti Ìjàlọ

Mo ti ké "Yéè!" kí ìyẹ́ adìyẹ tó kàn mí lẹ́yìn.

"Irọ́ ni," ni ìyá aláró àdúgbò wa wí. "Ọwọ́ mi ṣì wà lókè."

Ó ti fi ìborùn di ojú mi. Òórùn èlú gba imú mi kan. Omi eérú ń kán sínú ìkòkò, tó, tó, tó. Àmì ràbàtà kan ló wà lẹ́yìn mi tó ṣá bí aṣọ àlòkù. Baálé agbo ilé wa sọ pé ẹ̀tẹ̀ ni. Tí ilẹ̀ bá mọ́, wọn yóò mú mi lọ sí ahéré kan lọ́nà Ìfọ́n, kí n máa dá gbé. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án! Akin ni mí ní Ìlobù títí mo fi gbọ́ "dá gbé."

Wọ́n ní ẹlẹ́tẹ̀ kì í mọ̀ tí nǹkan bá kàn án níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sáré ké. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ké, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo purọ́.

"Ìyá, ẹ ò rí i?" ni Baálé wí láti ẹnu ọ̀nà. "Kò mọ nǹkan kan."

"Ẹ sún mọ́ ọn, kẹ́ ẹ fọwọ́ kàn án."

Baálé ò sún.

Mo gbọ́ tí Ìyá bẹ̀rẹ̀, tó ń wá nǹkan nílẹ̀ lẹ́yìn mi. Tó, tó. Àfi bí iná ṣe jó mi láàárín àmì náà! Mi ò rántí ké mọ́; mo ti fo ìkòkò aró, mo ti bọ́ sójú títì pẹ̀lú ìborùn lójú. Ìyá lé mi bá, ó já ìjàlọ kan kúrò lẹ́yìn mi, ó nà án sí Baálé.

"Eléyìí ò purọ́ bí ọmọ yín. Làpálàpá ni àmì yìí. Aṣọ tó ṣá, ṣé ó ti ya ni?"

"Bó bá wá jẹ́ ẹ̀tẹ̀ ńkọ́?"

"Ilé mi ni yóò sùn. Kẹ́ ẹ wá mú un níbẹ̀."

Ó tẹ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tútù mọ́ àmì náà lójú Baálé àti gbogbo ará àdúgbò tó ti rọ́ jáde. Láti ọjọ́ mẹ́fà tí wọ́n ti rí àmì náà, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn mí. Aró ọwọ́ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ mi lẹ́yìn; nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí wọn ò wá mú mi, mo bọ́ ẹ̀wù rìn káàkiri àdúgbò. Wọ́n ní kí n wẹ̀, mo ní mi ò wẹ̀.

Mo ti dàgbà báyìí, mo ṣì máa ń ké kí abẹ́rẹ́ nọ́ọ̀sì tó kàn mí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní ká lé ẹnì kan nítorí àrùn, mo máa ń bi wọ́n pé: "Ta nínú yín ló ti fọwọ́ kàn án?" Ẹ̀rù á ṣì máa bà mí, síbẹ̀ màá lọ bá a, màá fọwọ́ kàn án.