Àwọn Ìwé Ọ̀jọ̀gbọ́n Gbàdàmọ́sí Tí Wọ́n Sin Lẹ́yìn Mọ́sálásí

Sí ẹ̀yin tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Sàúdátù Gbàdàmọ́sí kọ́ ní èdè Faransé,

Ẹ forí jì mí pé mo kọ̀wé sí yín. Ọmọ ọdún kìíní lásán ni mí ní ẹ̀ka èdè Faransé, mi ò sì mọ ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ yín. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti kọ lẹ́tà yìí tí mo sì fà á ya. Hikmah tí a jọ ń gbé yàrá ní Ìjàgun ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, “Lọ́yà òkú! Ta ló bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́? Ṣé o ti kàwé ìdánwò tìẹ tán ni?” Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òun ló gbọ́n jù mí. Ṣùgbọ́n Sátidé ń bọ̀, bí Sátidé bá sì kọjá, lẹ́tà yìí kò wúlò mọ́.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kú lọ́jọ́ Ajé, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Orí àtẹ̀gùn ló kú sí. Mo mọ̀, nítorí èmi ni mo wà lẹ́yìn rẹ̀, pẹ̀lú páálí ìwé lórí mi.

Ilé-ẹ̀kọ́ ti kọ ọ́ sínú ìkéde pé “àìsàn ránpẹ́” ni. Àìsàn wo? Àwọn aṣàyẹ̀wò ń bọ̀ láti Àbújá, wọ́n sì fẹ́ sọ yàrá rẹ̀ di yàrá kọ̀ǹpútà tí wọn yóò fi hàn wọ́n. Wọ́n fi ìwé ránṣẹ́ sí i pé kó kó ẹrù rẹ̀ kúrò láàrin ọjọ́ méjì. Òkè pátápátá ni yàrá náà wà. Obìnrin ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, tí dókítà ti kìlọ̀ fún nítorí ọkàn rẹ̀, ọdún mẹ́ta ló fi bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún òun ní yàrá nísàlẹ̀. Lẹ́tà mẹ́fà ló kọ. Kò sẹ́ni tó fèsì sí ọ̀kan. Wọn ò rántí pé ó ní yàrá, àfi ìgbà tí wọ́n nílò yàrá náà.

Àwa mẹ́rin la bá a kó ìwé. A ní kó jókòó. “Màmá, ẹ jẹ́ ká ṣe é.” Ó ní, “Ìwé oníwèé ni. Bí ẹ bá já a lulẹ̀, èmi ni wọ́n máa bi.” Ó gbé ìdì kékeré kan tirẹ̀ mọ́ àyà. Nígbà kẹta tí à ń sọ̀ kalẹ̀, ó di irin àtẹ̀gùn mú, ó ní, “Ẹ dúró ná,” ó sì jókòó. Mo rò pé ó ń sinmi ni. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀, mo ń ráhùn nínú ara mi pé ọrùn ń dùn mí. Ọrùn ni mò ń rò. Kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Ẹ̀yin mọ̀ ọ́n jù mí lọ, nítorí náà ìtìjú ni fún mi láti sọ ẹni tó jẹ́ fún yín. Ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ bóyá ó sọ fún yín, bó ṣe sọ fún wa ní ọjọ́ kìíní, pé ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ tó ń ra aṣọ ní Àjàṣẹ́ wá tà ní Ìjẹ̀bú-Òde lòun ti kọ́kọ́ gbọ́ Faransé. Ó ní, “Mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń ná aṣọ ní Faransé kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn.” Ó kàwé dé Dàkár, ó kà á dé Pàrísì. Wọ́n ní kó dúró sọ́hùn-ún, ó padà wálé. Kí ló wá ṣe? Ó ń tọpa ìwé tí àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Ìjẹ̀bú gbé bọ̀ láti ìrìn àjò: ẹni tó tẹ̀ ẹ́, ẹni tó rà á, ẹni tó yá a lọ tí kò dá a padà. Ó ní, “Ọ̀pọ̀ èèyàn ń ka ìwé. Èmi, ọwọ́ tó di ìwé mú ni mò ń kà.” Bí ewé gbígbẹ tàbí ìdì òwú bá wà láàrin ìwé, kò jẹ́ kí á yọ ọ́. Èmi tí mi ò lè lanu sọ̀rọ̀ ní kíláàsì, ó fi orúkọ ìlú mi sọ mí lórúkọ. “Mademoiselle Ìmùṣin, ṣé wọ́n so ẹ lẹ́nu ni? Sọ ọ́, kí o ṣì í sọ. Faransé ò ní pa ẹ́.”

Ó mú wa lọ sí Ayépé lẹ́ẹ̀kan, sílé Alhaja Simbiátù. Bàbá Alhaja jẹ́ oníṣòwò aṣọ láyé ijọ́un, ó sì kọ ìwé kan fúnra rẹ̀: èdè Yorùbá ni, ṣùgbọ́n lẹ́tà Lárúbáwá ló fi kọ ọ́, orúkọ aṣọ lédè Faransé sì wà káàkiri inú rẹ̀. Ní ẹ̀yìn ìwé náà, bí àwọn àgbà ṣe máa ń ṣe, ó kọ ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ rẹ̀. Ọmọ àkọ́kọ́ jẹ́ obìnrin. Wọ́n sọ ọ́ lórúkọ lọ́jọ́ kẹjọ, ó kú lọ́jọ́ kẹsàn-án. Alhaja kò mọ lẹ́tà náà kà. Ẹni ọgọ́rin ọdún ni kí Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ka orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sí i létí. Kò sí ẹlòmíì láyé tó rántí ọmọ náà, kò sí fọ́tò, kò sí ibojì tí ẹnikẹ́ni mọ̀. Ìlà kan yẹn ni gbogbo rẹ̀.

Alhaja yá a ní ìwé náà. Bẹ́ẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n ṣe máa ń ṣe: kì í ra ìwé ìdílé, kì í gbà á ní ẹ̀bùn, ó máa ń yá a ni. Ó ní ìwé àkọsílẹ̀ kan tí ẹni tó ni ìwé máa ń tẹ̀ka sí, tí òun náà á fọwọ́ sí. Ìwé igba ó lé mọ́kànlá ló wà níbẹ̀, láti ilé igba ó dín díẹ̀.

Níbo ni àwọn ìwé náà wà? Wọ́n kó wọn sábẹ́ àtíbàbà tó ń jò lẹ́yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́. Òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ní ọjọ́ kẹta, mo gbójú lọ bá ọ̀gá ẹ̀ka wa. Ó wò mí láti òkè délẹ̀.

“Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ìwé ló kú ni àbí èèyàn? A ń ṣètò ìrántí Màmá, o wá ń sọ̀rọ̀ páálí.”

Mo ní, “Ẹ má bínú, sà.” Mo kúnlẹ̀, mo sì jáde.

Ẹnì kan ṣoṣo nílé-ẹ̀kọ́ yìí ló bọ̀wọ̀ fún ìwé wọ̀nyẹn: ọkùnrin tó ń gbálẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n pè é ní Bàbá Ayman; orúkọ rẹ̀ gan-an kọ́, kí iṣẹ́ má bàa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Ó rí àwọn ìwé tó rin gbingbin, tí èèyàn ń tẹ̀ mọ́lẹ̀, ó rí lẹ́tà Lárúbáwá lára wọn. Kí ni Mùsùlùmí òdodo yóò rò? Ó rò pé Kùránì ni. Ó ṣa gbogbo èyí tó ní irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀, ó fi aṣọ funfun wé wọn, ó kì wọ́n sínú àpò ọ̀rá, ó gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn mọ́sálásí, ó sì sin wọ́n gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn ṣe ní kí á ṣe fún ìwé mímọ́ tó ti bàjẹ́.

Nígbà tí mo sọ fún un pé orúkọ aṣọ àti orúkọ ọmọ ló wà nínú wọn, ó káwọ́ lérí. “Subhánállàhì! Mo ti sin ọmọ ọlọ́mọ.” Mo ní kó jẹ́ ká lọ hú u. Ó ní, “Èmi? Kí wọ́n bá mi níbi tí mo ti ń gbẹ́ ilẹ̀ láìgbàṣẹ? Wọ́n á ní oògùn ni mò ń rì mọ́lẹ̀ fún ọ̀gá.”

Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ayépé. Mo rò pé Alhaja máa gbá mi létí. Ó gbọ́ ọ títí dé òpin, ó béèrè ohun kan péré.

“Aṣọ funfun ló fi wé e?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Ó ṣe é re. Ẹ̀gbọ́n mi ti rí ìsìnkú lẹ́ẹ̀kejì.” Lẹ́yìn náà ló wá gbójú sókè. “Bàbá yẹn kọ́ ló máa hú u o, ìwọ náà kọ́. Àwọn tó gbé e síta ni kó wá fọwọ́ ara wọn hú u, kí n máa wò wọ́n.”

Ẹ̀yin àgbà, ìdí tí mo fi kọ̀wé rèé. Lọ́jọ́ Sátidé, ilé-ẹ̀kọ́ fẹ́ ṣí gbọ̀ngàn kan tí wọ́n fi orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n pè. Wọ́n ń to bíríkì ilẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà títí dé gbọ̀ngàn náà, kí ẹsẹ̀ àwọn àlejò má bàa kan ẹrẹ̀. Ẹ̀yìn mọ́sálásí ni bíríkì náà ń gbà. Lánàá, mo fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n: ó ku ẹsẹ̀ mẹ́rìnlá kó dé ibi tí Bàbá Ayman gbẹ́. Wọ́n á da sìmẹ́ńtì sí i. Wọ́n á wá dúró lórí rẹ̀, wọ́n á máa sọ pé obìnrin yìí fẹ́ràn ìwé.

Ẹ̀yin ni wọ́n pè láti wá sọ̀rọ̀. Wọn ò lè ní kí ẹ kúnlẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró de Sátidé, ẹ wá lọ́jọ́bọ̀, kí ẹ dá àwọn òṣìṣẹ́ náà dúró, kí ẹ sì mú Alhaja wá. Ẹ béèrè ẹni tó fọwọ́ sí ìwé ọjọ́ méjì yẹn, kó sọ orúkọ ara rẹ̀ lójú gbogbo èèyàn. Ẹ béèrè ibi tí lẹ́tà mẹ́fà wọlé sí. Kí ọ̀gá ẹ̀ka wa mú ṣọ́bìrì. Lẹ́yìn ìyẹn, kó gbé ohun tó bá ṣẹ́ kù lọ sílé àwọn tó ni wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kó dọ̀bálẹ̀. Bí wọn ò bá lè ṣe èyí, kí wọ́n yọ orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n kúrò lára ògiri wọn.

Ìwé àkọsílẹ̀ tí àwọn tó ni ìwé tẹ̀ka sí wà lọ́wọ́ mi. Inú ìdì tí Ọ̀jọ̀gbọ́n gbé mọ́ àyà ló wà, mo sì mú un lórí àtẹ̀gùn kí àwọn aláṣẹ tó dé. Mi ò mọ̀ bóyá olè ni mí. Ẹ̀dà gbogbo ojú ewé rẹ̀ wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí.

Ẹ dákun, ẹ má fi lẹ́tà yìí han ẹnikẹ́ni nílé-ẹ̀kọ́. Ẹ kà á tán, kí ẹ fi pamọ́. Bí wọ́n bá bi yín pé ta ló sọ fún yín, ẹ ní ẹ̀yìn ìwé kan lẹ ti kà á.