Ìgbẹ́ Màlúù Òyìnbó

Lánàá, bí mo ṣe ń wakọ̀ lẹ́bàá ìlú Newmarket nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òórùn ìgbẹ́ màlúù já wọ mọ́tò. Mo rántí ìgbà tí Dádì ń fi mọ́tò gbé wa kiri abúlé ilẹ̀ Faransé.

Wọ́n á ní, "Atẹ́gùn gidi nìyí, ẹ fà á símú!"

Dádì tí wọ́n máa ń dí imú ní abúlé ìyá wọn! Àṣé ìgbẹ́ màlúù òyìnbó kì í rùn.

Lọ́jọ́ kan, Dádì dúró ti ògiri ilé àtijọ́ kan tó ti ń wó, Mọ́mì yà wọ́n ní fọ́tò. Mo rò pé ọba ló ń gbé ibẹ̀.

Mo ní, "Dádì, Màmá àgbà ti so àgbò Iléyá dè wá lábúlé."

Wọ́n ní, "Ta ló fẹ́ lọ sùn nílé amọ̀?"

Òjò ọdún yẹn wó ilé náà lé Màmá àgbà lórí. Fọ́tò ògiri Faransé ṣì wà ní pálọ̀ Dádì. Àlejò tó bá dé, wọ́n á ní kó wá wò ó.