Bàbá Tólú, Tíṣà Tó Kọ́ Mi Ní Ìṣirò Nílé Wa Ní Ogui, Enugu

Háà, ọkọ mi, ẹ ti lọ! Ilé dákẹ́, ara mi náà dákẹ́. Ó rẹ̀ mí débi pé ẹkún gan-an di iṣẹ́.

Bàbá Tólú, ọmọ Ìlá tí iṣẹ́ olùkọ́ gbé dé Enugu tí kò padà mọ́. Onísùúrù tí í tún ọ̀rọ̀ sọ láìjágbe. Àwọn aládùúgbò kì í pè yín lórúkọ. “Tíṣà” ni wọ́n ń pè yín bí ẹ bá ń sọ̀ nínú kẹ̀kẹ́ láti Emene níbi tí ẹ ti ń kọ́ni, tí ṣọ́ọ̀kì ṣì wà lápá ẹ̀wù yín.

Obìnrin tí ìṣirò ti já kulẹ̀ lẹ fi ṣaya. Aṣọ ni mo ń rán ní Artisan Market, mo ti ṣèdánwò ìṣirò títí ó fi sú mi. Ẹ ní, “A ó tún jókòó tì í.” Ibi tí mo ti máa ń ṣubú ni fọ́ńṣọ̀n méjì tí wọ́n fi ọ̀kan sínú èkejì, f(g(x)). Láti òde ni mo máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ ó rẹ́rìn-ín: “Inú ló ń ṣáájú. Fi eéjì sínú g ná. Ohun tó bá jáde, òun ni kí o gbé fún f.” Bí g bá ń fi ẹẹ́ta kún nọ́ńbà, tí f sì ń sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, eéjì á di aárùn-ún, aárùn-ún á di ẹẹ́wàá. Bí mo bá yí i po, eéje ni mo máa rí, ẹ ó sì ní, “Ta ló ni eéje?” Mo yege, mo lọ kọ́ṣẹ́ olùkọ́. Èmi náà di tíṣà.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀gbà dé. Ó mú apá ọ̀tún, ó mú ohùn. Mo ń wẹ̀ yín, mo ń fún yín lẹ́kọ, ẹ kàn ń wo àjà. Tólú ọmọ wa, tí Yorùbá rẹ̀ kò jinlẹ̀, bi mí pé, “Mummy, Daddy still dey inside so?” Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ ṣì wà nínú ara yín.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ń múra iṣẹ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi lẹ́bàá ibùsùn yín. Mo kọ f(g(4)) sórí pátákó kékeré. Oorun ń kùn mí, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti òde. Ọwọ́ òsì yín gbéra, ó tọ́ka sí g. Ẹ tẹjú mọ́ mi títí mo fi pa iṣẹ́ mi rẹ́. Mo ké pe Tólú. Mo kọ òmíràn, ẹ fi ìka dáhùn. Tólú dì mọ́ yín, ó ń pariwo, “Daddy dey o!” Mo gbé orí lé àyà yín, mo sunkún.

Láti ọjọ́ náà, gbogbo ìròyìn ọjà àti ti ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ń rò fún yín, ẹ sì ń di ọwọ́ mi mú. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ẹ fi lọ.

Ọkọ mi, n kò ní purọ́ fún àwọn tó wá kí wa pé mo lágbára. Wọ́n ń gbé oúnjẹ wá, n kò mọ adùn rẹ̀. Ó rẹ ẹ̀yin náà, mo rí i lójú yín láàárọ̀ tí ẹ lọ. Ẹ má ṣe dúró dè mí. Ẹ lọ sinmi. Bí mo bá sùn tó, màá dìde, màá lọ kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ wọn.

Ẹ sùn re o, Tíṣà. Ẹ sùn un re, olówó orí mi.

Ìyá Tólú, aya yín.