Bí Ìyá Mi Ṣe Gbẹ̀san Lára Dókítà Ẹgbẹ́dá

Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọ tí wọ́n ń rán lọ pọnmi, Ìgándò kò tíì rí bí ẹ ṣe ń wò ó lónìí. Oko ẹ̀gẹ́ ló wà níbi tí ẹ ti ń wọkọ̀ báyìí, tí òjò bá sì rọ̀, ẹsẹ̀ lásán la fi ń rìn dé Ìkòtún, bàtà á wà lọ́wọ́. Ẹ jókòó dáadáa, ẹ̀yin ọmọ yìí, torí ọ̀rọ̀ tó ń bí mi nínú ni mo fẹ́ sọ. Mi ò ní purọ́ fún yín pé inú náà ti rọ̀.

Télọ̀ ni ìyá mi, iwájú ilé wa ló gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sí. Lọ́dún kan, ibà mú àbúrò mi ọkùnrin lọ, kò tíì mọ̀rọ̀ọ́ sọ délẹ̀. Àwọn àgbà ilé bàbá mi gbé e lọ sin, wọn kò sì jẹ́ kí ìyá mi mọ ibi tí wọ́n sin ín sí, torí ẹ̀yin náà mọ̀ pé nílẹ̀ wa, òbí kì í rí sàréè ọmọ. Wọ́n ní kó nu ojú rẹ̀. "Omi ló dànù, agbè ò fọ́," ni gbogbo ẹni tó wá kí i ń wí. Ìyá mi gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu, kò sunkún, ó padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀.

Kò pẹ́ tí àyà rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í já. Oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun mọ́. Apá ọ̀tún tó fi ń yí ẹ̀rọ wúwo, ó di pé kò lè gbé e sókè. Ó rù débi pé bùbá ń yọ̀ kúrò léjìká rẹ̀. Tó bá sùn lọ́sàn-án, èmi á jókòó tì í, màá máa wò ó bóyá ó ṣì ń mí. Mo ti gbà pé yóò kú.

Dókítà kan wà nígbà náà tó ní ilé ìwòsàn tirẹ̀ ní Ẹgbẹ́dá, ọkùnrin tó mọ́ tónítóní, tí kíkí rẹ̀ ṣòro. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ la gbé ìyá mi lọ. Kò gbójú sókè wò ó. Ó kọ abẹ́rẹ́, a lọ, a tún padà, ó kọ abẹ́rẹ́ míì. Ó pe àìsàn náà ní ibà, ó tún pè é ní làkúrègbé. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ sú u, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mádàámù, kò sóhun tó ṣe yín jàre. Iṣẹ́ ilé lẹ ń sá fún. Ẹni tó kàn!" Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu. Gbogbo àwọn tó jókòó sórí bẹ́ńṣì níta ló gbọ́, àwọn kan nínú wọn sì bú sẹ́rìn-ín. Ìyá mi tún gèlè rẹ̀ wé, a sì rìn délé. Láti ọjọ́ náà ni mo ti kórìíra ọkùnrin yẹn.

Bàbá mi wá mú un lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba. Obìnrin àgbàlagbà kan ni dókítà tí a bá níbẹ̀. Ó yẹ ojú rẹ̀ wò, ó tẹ apá náà, ó ní ẹ̀jẹ̀ kò tó lára rẹ̀, ó sì kọ oògùn. Lẹ́yìn náà ló gbé bírò sílẹ̀. "Ìyá, kí ló ṣẹlẹ̀ nílé kí apá yìí tó bẹ̀rẹ̀?" Ìyá mi lanu kó dáhùn, igbe ló jáde. Ó sunkún bí ẹni pé ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kú lọ́jọ́ yẹn ni. Dókítà náà di apá yẹn mú, kò ní kó dákẹ́, títí ìyá mi fi sọ ti ọmọ náà àti sàréè tí wọn kò jẹ́ kó mọ̀.

Ó kọjú sí bàbá mi. "Bàbá, oògùn yìí á ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Èyí tó kù, ọwọ́ yín ló wà. Ẹ fi ibi tí ọmọ yẹn wà hàn án."

Bàbá mi ní èèwọ̀ ni.

"Ṣé ẹ fẹ́ sin ìyá mọ́ ọmọ ni?"

Lálẹ́ ọjọ́ náà, bàbá mi wádìí ibẹ̀ lẹ́nu ọ̀kan nínú àwọn àgbà ilé, láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó mú ìyá mi lọ sẹ́yìn ọgbà ọ̀gẹ̀dẹ̀. Àwọn àgbà ilé bínú, wọ́n bínú títí ó fi rẹ̀ wọ́n. Ìyá mi ń lo oògùn rẹ̀, ó ń lọ jókòó síbẹ̀, ó ń sunkún nígbà tó bá wù ú. Díẹ̀díẹ̀, apá náà ń gbé. Kí òjò ọdún yẹn tó dá, ẹ̀rọ ìránṣọ ti ń dún lójúde wa.

Ẹ lè rò pé ibẹ̀ ló parí sí. Ẹ ò mọ ìyá mi! Ó ní, "Dókítà Ẹgbẹ́dá yẹn á fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé àìsàn ṣe mí." Ó kó aṣọ tó fẹ́ fọwọ́ rán sínú báàgì, ó lọ jókòó sórí bẹ́ńṣì rẹ̀. Káàdì rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ta ló fẹ́ lé aláìsàn? Ẹni tó bá jókòó tì í, á kí i, á béèrè ilé, á wá sọ fún un pé, "Tẹ́ ẹ bá wọlé, ẹ fìdí mọ́ àga. Kó tó kọ oògùn, ẹ ro gbogbo ẹ̀ fún un. Tó bá ní kẹ́ ẹ dìde, ẹ ní ó kù." Àwọn tí ara ọmọ wọn ń gbóná nìkan ni ìyá mi kì í dá dúró, òun fúnra rẹ̀ ló ń tì wọ́n síwájú.

Háà, ẹ̀san dùn! Ọkùnrin kan tí inú ń run wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ látorí ilẹ̀ tó rà ní Ayọ̀bọ̀ tí wọ́n wá wó ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ìyàwó kan tí orí ń fọ́ ro ẹjọ́ ìyá ọkọ rẹ̀ látọjọ́ ìgbéyàwó. Dókítà á ní ó tó, wọ́n á ní, "Ó kù o, dókítà." Oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ á tutù sórí tábìlì. Tí mo bá ti iléèwé dé, màá sáré lọ síbẹ̀ kí n lè fojú ara mi rí ìyà tó ń jẹ ẹ́.

Ó jáde lọ́jọ́ kan, òógùn bò ó. "Mádàámù, kí lẹ ń sọ fáwọn èèyàn mi?"

"Mo ní kí wọ́n sọ ohun tó ń ṣe wọ́n ni. Àbí ọjà ni wọ́n wá ná ńbí?"

Ibi tó ti wá dùn mí rèé. Ọkùnrin yìí bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Ó di pé òun fúnra rẹ̀ ń béèrè, abẹ́rẹ́ sì dín kù. Òkìkí kàn, wọ́n ń ti Àgbàdo àti Ìyànà Ìpájà wá bá dókítà tó ń gbọ́ tẹni. A fẹ́ fìyà jẹ ẹ́, oríire la gbé fún un!

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó pe ìyá mi wọlé gbẹ̀yìn, èmi náà tẹ̀ lé e. Ó ti ilẹ̀kùn. Ó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà yẹn, ìyá mi sì sọ ọ́, látorí ọmọ dé ọgbà ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ọkùnrin náà bọ́ awò ojú rẹ̀. "Àìsàn ṣe yín, Mà. Èmi ni mi ò wò yín. Ẹ forí jì mí." Ìyá mi ká aṣọ rẹ̀, ó dúpẹ́, kò sì padà síbẹ̀ mọ́.

Lójú ọ̀nà, mo sọ fún un pé kò tíì tó. Mo ní, "Gbangba ló ti bú yín, inú yàrá tó tì pa ló ti bẹ̀ yín." Ó ní, "Ó tó mi."

Kò tó èmi. Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ síta fún yín nìyẹn, títí dòní tí ìyá mi ti lọ. Ayé ti yí padà lóòótọ́. Ilé ìwòsàn ti pọ̀ láti Ìgándò títí dé Ẹgbẹ́dá, ẹ̀rọ ń yàwòrán ọkàn èèyàn, kọ̀ǹpútà ni dókítà sì ń wò lójú dípò aláìsàn. Àbíkẹ́yìn mi wà láàárín yín níbí, tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà. Ìwọ, gbọ́ mi dáadáa. Lọ́jọ́ tí mo bá gbọ́ pé o sọ fún ẹnì kan pé kò sóhun tó ṣe é, tí o ò sì tíì bi í ní nǹkan kan, màá gbé àga wá sẹ́nu ọ̀nà rẹ. Màá sì pẹ́ níbẹ̀ ju ìyá mi lọ.