Ògiri Tó Bu Lábẹ́ Kilíìmù

Ìyàrá tí mo bá nílé ọkọ mi ní Sakété ń rùn bí àgbàdo tí wọn kò sá gbẹ kí wọ́n tó kó o sínú àká. Ọmọ Ahoyéyé ni mí, lápá Pobè; inú àgbàdo ni mo dàgbà sí, n kò lè ṣi òórùn náà mọ̀. Ẹ̀yìn ibùsùn wa ni ògiri ti bu, ó dúdú, ó ń yọ̀ lọ́wọ́, ó sì ń ràn lọ síbi tí ọmọ mi ń sùn. Ikọ́ kì í jẹ́ kí ọmọ náà sinmi. Lókè ibẹ̀ gan-an ni kilíìmù wà, ẹ̀rọ amúlétutù tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, oníṣòwò aṣọ, rà fún wa ní Àjàṣẹ́. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń rán mi létí pé kò sí irú rẹ̀ ládùúgbò.

Tàǹtí, bí gbogbo ilé ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n náà, wo ògiri, ó wò mí. "Ìyàwó, ọmọ oko ni ọ́ lóòótọ́. Ṣé bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ilé nìyí?" Mo kúnlẹ̀, mo fi jafẹ́ẹ̀lì, omi tí wọ́n fi ń pa àbàwọ́n rẹ́, fọ̀ ọ́ títí ojú fi ń ta mí. Ó mọ́, kò pẹ́, ó tún yọ. Mo tún un fọ̀, mo sì ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má bínú. Ọ̀rẹ́ mi, ẹ̀bẹ̀ kí ni mo tiẹ̀ ń bẹ̀? Bí àgbàdo bá bu lóko wa, ibi tí omi ti ń wọlé ni bàbá mi máa ń wá, kì í bú àgbàdo. Mo gun àga, mo na ọwọ́ sẹ́yìn kilíìmù: omi ń ro sínú ògiri. Mo sọ fún ọkọ mi. Ó ní kí n rọra, ẹ̀bùn ẹ̀gbọ́n òun ni.

Lọ́jọ́ tí àwọn àlejò wá kí ọmọ, Tàǹtí ta rídò tuntun, aṣọ ìkélé olódòdó gbọọrọ, bo ògiri náà. Ó jókòó sáàárín wọn nínú ìyàrá, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ má bínú sí òórùn yìí o. Oko nìyàwó wa ti wá, a ṣì ń kọ́ ọ ni." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi húkọ́. Inú bí mi, mo fa rídò bọ́ sílẹ̀.

"Ẹ dákun, ẹ fọwọ́ kan ògiri yìí. Ẹ̀rọ yẹn ló ń da omi sí i. Ọmọ mi ò ní sùn lábẹ́ ẹ̀ mọ́."

"Ẹ̀bùn mi lò ń tàbùkù?" ni Tàǹtí wí.

"Ẹ ṣeun fún ẹ̀bùn, Tàǹtí. Omi ẹ̀ ni mi ò fẹ́."

Ìyá àgbà kan láàárín àlejò dìde, ó fọwọ́ kan ògiri, ó sì na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó ti tutù, tó ti dúdú, sí gbogbo wọn.

A pa kilíìmù náà títí atúnṣe fi wá darí omi rẹ̀ síta. A ha ògiri, a ṣí fèrèsé, ikọ́ ọmọ náà sì rọlẹ̀. Tàǹtí kò bẹ̀ mí, n kò sì retí rẹ̀. Wọ́n ní olórí kunkun ni mí. Mo gbà, orí náà wúlò fún mi. Àmọ́ n kì í tètè kúnlẹ̀ mọ́. Bí wọ́n bá ní mo jẹ̀bi, mo máa kọ́kọ́ wòkè ná, kí n mọ ibi tí omi ti ń wọlé.